Ìgò Ọmọ Tí A Fi Wọn Ẹ́ńjìnnì

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń wá ọ̀sán kan tí ẹnikẹ́ni kò ní ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ará Ìgbòho kò gbà pé tíṣà ń fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, orúnkún ń dùn mí, oòrùn mú, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí Ìyá Sìkírù, tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ládùúgbò wa, kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀gẹ́ fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo bá a lọ síbi ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kú. Àwọn obìnrin ti bó ẹ̀gẹ́ jọ ní òkítì-òkítì, kò sì ní pẹ́ dúdú nínú ooru yẹn. Oníṣòwò tòkunbọ̀ kan ti gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wá láti Ṣakí, ṣùgbọ́n Jímọ̀, mẹkáníìkì tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní kó máa gbé e padà sínú ọkọ̀.

"Sà, 196 cc ni wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀. 12 péré ló wà lára eléyìí. Bóyá ata ni yóò lè lọ̀."

"Àbí lítà epo méjìlá ló ń mu?" obìnrin kan béèrè.

"Kò kan epo," ni mo wí. Ó rẹ̀ mí, nítorí ìbéèrè tí mo fi gbogbo ayé iṣẹ́ mi dáhùn nìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì, ihò roboto kan wà tí irin tí wọ́n ń pè ní pístìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Àyè tí pístìn ń gbà kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni iye yẹn ń sọ. Àwọn kan ń fi cc wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ̀rún cc ni lítà kan. Àwọn mìíràn ń lo àpótí kékeré tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì kọ̀ọ̀kan, èyí tó gba cc mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀rá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 12 náà: "cu in" yọ jáde, àmì àpótí ínṣì yẹn. Mo ṣírò rẹ̀ sórí ilẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 197.

Ìyá Sìkírù wo ilẹ̀, ó wò mí. "Wọn kì í fi ẹnu ta gààrí fún mi, Bàbá Tíṣà. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú wa."

Ìgò tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ń fún ìkókó lóúnjẹ ni mo rí. Mílílítà ló wà lára rẹ̀, mílílítà kan àti cc kan kò sì yàtọ̀.

"Kí lọmọ mi máa fi mu ògì?" ìyàwó náà béèrè.

"Bí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, owó ògì wo?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ fèsì.

Jímọ̀ ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà tẹ́lẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yí i títí pístìn fi dé ìsàlẹ̀. Mo bu òróró ẹ́ńjìnnì dé ojú ìlà 250, mo sì ń dà á sínú ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kún dé etí.

"Ẹ fi ènì sí i," ni Ìyá Sìkírù wí.

"Ẹ́ńjìnnì kì í gba ènì, Ìyá."

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìgò lé díẹ̀ ní àádọ́ta. Èyí tó wọ inú ihò náà sún mọ́ 197 gan-an.

"Sà, ihò inú orí ẹ́ńjìnnì tí mo ṣí ńkọ́?" Jímọ̀ béèrè.

"Ibi tí pístìn kò bá dé, a kì í kà á."

Ìyá Sìkírù ra ẹ́ńjìnnì náà, Jímọ̀ sì dè é mọ́ ẹ̀rọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́ tán, ó ti wà nínú àpò. Mo délé, àárẹ̀ ò jẹ́ kí n lè jẹun.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo ń kọjá níbi ẹ̀rọ náà, mo rí ìgò náà tí wọ́n fi kọ́ ìṣó, ó dúdú fún òróró. Ọlọ́kadà kan ń bá Jímọ̀ jiyàn lórí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ rà. Jímọ̀ na ọwọ́ mú ìgò.

"Ibi tí pístìn kò bá dé," ó ń wí fún un, "a kì í kà á."

Wọn kò rí mi. N kò dúró. Mo délé, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kan ilẹ̀kùn.