Wáyà Tí Kò Sí Lábẹ́ Ilẹ̀

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ kan ṣètò fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Bàbá Oníwáyà mú tọ́ọ̀ṣì, ó ṣí pákó ilẹ̀ yàrá kọ̀ǹpútà, ó ń wá wáyà tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Àwọn kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lò níbẹ̀. Irọ́ ni. Wákàtí kan gbáko ló lò, lórí ìkúnlẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fi àṣẹ àti nọ́ńbà lásán fa wáyà ọ̀hún. Kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè bà á.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ ò lè rí i níbẹ̀," ni olùkọ́ wí, obìnrin kan tí bàbá náà lè bí lọ́mọ.

"Tíṣà, tí mi ò bá rí i, báwo ni màá ṣe tún un ṣe tó bá já?"

"Kò lè já, sà."

"Há! Wáyà wo ni kì í já?"

Ọdún méjìlélógún ló ti ń fa wáyà níléeṣẹ́ yẹn. Ilé kọ̀ǹpútà méjì, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ńlá wọn wà, ni wọ́n ní, ní ìlú méjì. Wọ́n wá fẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan ń ṣe lè ṣí láti ibí lọ sí ọ̀hún láìpààrọ̀ àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń wá a kàn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ náà, ilé ìkẹ́rùsí ló ń lọ. Bàbá Oníwáyà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rárá.

Nígbà tó délé lálẹ́, ó gbé àwo méjì kalẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. "Ìyá ilé wa, wò ó. Ilé kan ṣoṣo nìyí."

"Àwo méjì ni mo rí o."

"Èmi náà," ni ó wí, ó sì kó wọn padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó so ilé méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kò dé ọ̀hún. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí àléébù kankan. Òfin gba olùkọ́ láyè láti bi olúkúlùkù ní ìbéèrè kan péré.

"Sà, kí ló dé tí ẹ fún orí wáyà náà níhìn-ín ní nọ́ńbà 701, tí ẹ fún orí rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 702?"

"Kí wọ́n má baà dà pọ̀ ni."

Láti ọdún méjìlélógún, kò jẹ́ kí wáyà méjì jẹ́ nọ́ńbà kan náà rí. Ó ti bá ènìyàn jà nítorí ẹ̀. Ó pa 702 rẹ́ bí ẹni tó ń jalè, ó kọ 701 sí i. Iṣẹ́ náà kọjá wìì.

"Ibo ló gbà?" ni ó bi í.

Olùkọ́ sàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. "Sà, ẹ ti yege. Ẹ máa lọ sílé."

Kò yé e títí ó fi délé. Wọn kò gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà ní ilé kọ̀ǹpútà ti ìlú kejì, ní tábìlì tó sún mọ́ fèrèsé, ó ń bójú tó ìsopọ̀ mẹ́rìnlá.