Tata Rọ́bà Sílípáàsì

Òórùn gọ́ọ̀mù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ọ̀kà. Bí bàbá mi bá ti kírun àsùbáà tán, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣí agolo gọ́ọ̀mù, òórùn náà á sì wọlé wá bá wa lórí ẹní. Bàtà ló ń tún ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú kí wọ́n tó gé Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ó rántí sílípáàsì tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, tí okùn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Òkìtì èyí tó ti jẹ ló wà lẹ́yìn ilé wa.

Lẹ́yìn bàtà, ẹja pípa ni bàbá mi fẹ́ràn. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ sí odò kan lọ́nà Ìkún. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí tata bá já bọ́ láti orí koríko sójú omi, ẹja epìyà á yọ sókè, á gbé e mì. Ṣùgbọ́n tata tí a bá fi kọ́ ìwọ̀ kì í pẹ́ rì. Ìyẹn ló mú kó fi abẹ gé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì, ó gbẹ́ ẹ bíi tata, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwọ̀, ó sì fi ìyẹ́ àkùkọ ṣe ẹsẹ̀ fún un. Ó léfòó lóòótọ́. Ẹja kan ò kàn fẹnu kàn án ni.

Bí ara mi ò bá gbà á mọ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, bàbá mi á sọ pé, "Jẹ́ kó léfòó." Bí mo bá ń yọjú wo ìkòkò tí kò tíì hó, ohun tó máa sọ náà nìyẹn. Ìyá mi ní bí ilé bá ń jó, ọkọ òun ṣì máa sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ìkàrẹ́, ni kò rí i bí eré. Abọ́ ike ló ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́, ó sì ń wá ọmọ tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó wá sílé wa, ó ní kí ni ọmọbìnrin ń fi ọ̀pá ìwọ̀ ṣe, kí wọ́n fún òun ní èmi Síkírá kí òun kọ́ mi lọ́jà títà. Bàbá mi kò lè kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá fi ẹ̀rín bò ó: bí Síkírá bá fi tata rọ́bà pa ẹja kan ṣoṣo kí Ìyá Ìkàrẹ́ tó padà wá mú un, á dúró, bí kò bá pa á, á di ẹrù. Ìyá Ìkàrẹ́ ní bí rọ́bà bá pa ẹja, òun á jẹ ẹja náà tegungun-tegungun.

Bàbá mi gbẹ́ tata funfun, ó gbẹ́ búlúù, ó gbẹ́ pupa. Epìyà á yọ wá, á sún mọ́ ọn, á sì yí padà. Mo ń sunkún lábẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Ìkàrẹ́ máa dé, mo fi ọwọ́ tí mo fi dé agolo gọ́ọ̀mù bu ẹ̀kọ. Òórùn gọ́ọ̀mù ò jẹ́ kí n lè gbé e mì. Mo bá wò ó pé bí èmi ò bá lè jẹ ẹ́, kí ló máa mú ẹja jẹ ẹ́? Mo fọ ọwọ́ mi, mo mú tata rọ́bà tuntun tí bàbá mi ti gbẹ́ sílẹ̀, mo mú òwú dúdú tí ìyá mi fi ń kó irun fún wa, mo sì wé e mọ́ rọ́bà àti ìwọ̀ pinpin, bí ìyá mi ṣe máa ń wé irun títí ojú á fi fẹ́ bọ́. Gọ́ọ̀mù ò kàn án rárá.

Ìyá Ìkàrẹ́ bá wa dé odò tòun ti agbòòrùn rẹ̀. Ó ní òun mọ àbúrò òun, ó lè ra ẹja lọ́jà. Mo ju okùn. Epìyà kan yọ, ó dúró lábẹ́ tata. Ọwọ́ ń yún mi láti fà á.

"Síkírá," bàbá mi sọ jẹ́jẹ́, "jẹ́ kó léfòó."

Omi là, ọ̀pá tẹ̀. Ẹja tó jáde fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi.

Ìyá Ìkàrẹ́ pa agbòòrùn dé. "Ṣé ẹ ò ti so ẹja yẹn sábẹ́ omi láti àná?"

Nígbà tí mo sọ ti gọ́ọ̀mù fún bàbá mi, ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Ìkàrẹ́ jẹ ẹja, ó jẹ egungun, ó sì nìkan padà lọ.

Ìkàrẹ́ tí mo sá fún yẹn náà ni mo wà báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Ìyá Ìkàrẹ́ ti ń ta abọ́ ike. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi wá. Bí oníbàárà bá gbé abọ́ sílẹ̀ pé òun ń rò ó, mo ti dìde, mo ti dín owó, mo ti tẹ̀ lé e dé ìdí ọ̀kadà. Ọmọ tó jókòó létí odò lọ́jọ́ yẹn mọ̀ ọ́n dúró jù mí lọ. Okùn ni èmi ń fà ṣáá, bàbá mi ò sì sí mọ́ láti sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó léfòó.