Òjò Ọjọ́ Àìkú Nínú Ìwé Mi

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ wa ní iṣẹ́ tíṣà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, òfin kan náà ló máa ń kọ sójú pátákó: Kọ ohun tí ojú rẹ rí, má ṣe kọ ohun tí ọkàn rẹ rò. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń wọn òjò. Nígbà tí ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn ní Iléṣà fẹ́ da òṣùwọ̀n òjò wọn nù, mo tọrọ rẹ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí igi kankan kò ti ṣíji bò ó. Kò ju agolo bàbà kan lọ, tí àrọ wà lẹ́nu rẹ̀, tí ìgò ọlọ́rùn tín-ín-rín sì wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jáde sí i ní agogo méje òwúrọ̀. Mo ń da omi inú ìgò sínú gíláàsì tí a fa ìlà sí, mo ń ka iye mìlímítà rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kan fún ọdún kan: wọ́n ti di mẹ́tàlélógún báyìí. Rúlà ni mo fi fa ìlà wọn, kò sì sí ojú ewé tí yíǹkì ti ta sí. Mo fi wọ́n yangàn. N kò ní fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ọkùnrin kò lọ ju ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Òun ló ń bójú tó oko kòkó bàbá wa, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Ìkeji-Arákejì. Àgbẹ̀ ni bàbá wa, ó sì tún jẹ́ olórí kíláàsì nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Òfin méjì ló fi tọ́ wa dàgbà. Èkíní ni pé a kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Iyán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta la ti ń gún un, a ó sì jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹni tó bá mọ ohun tí iyán gbígbóná jẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà yóò mọ̀ pé ìyà kékeré kọ́ nìyẹn. Èkejì jẹ́ ti oko: ọmọ kòkó kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ ìbòji lọ sínú oko kí òjò ńlá kẹta tó rọ̀. Bàbá a máa sọ pé òjò kìíní wà fún eruku, èkejì wà fún ilẹ̀, ẹ̀kẹta ló wà fún kòkó.

Ní ìsinmi Àjíǹde, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá sọ́dọ̀ mi láti Òṣogbo. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ mi, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkun ní yunifásítì. Ó ní òun fẹ́ kó gbogbo ìwé òjò mi sínú kọ̀ǹpútà òun. Inú mi dùn débi pé mo gún iyán fún un, mo sì jẹ́ kó lo tábìlì ìkọ̀wé mi, èyí tí ìyá rẹ̀ kò tíì jókòó sí rí.

Ó kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí àbúrò mi wọlé, tó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kalẹ̀, tí kò sì jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí n wá sọ fún yín kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ẹlẹ́rọ agégi ń bọ̀. Mo fẹ́ gé kòkó Bàbá, kí n fi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀."

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀?"

"Èyí tó wà ńlẹ̀ ti gbó. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbin ọmọ kòkó sáàárín wọn, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kú. Mo sì ń dúró de òjò kẹta bí Bàbá ti wí. Ó jọ pé ọwọ́ mi ni kò yẹ kòkó mọ́. Ẹ̀gẹ́ kì í yan ọwọ́."

Kò wo ojú mi bó ti ń sọ ọ́. Ọkùnrin yìí mọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan nínú oko náà bí mo ti mọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi dá a dúró nígbà tí ọmọ náà pè mí láti ìdí tábìlì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò Iléṣà máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. Ọ̀pá méje ló yà sójú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Ti ọjọ́ Àìkú kò ga rárá. Ti ọjọ́ Ajé ga bí ilé alájà.

"Ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ̀kán kan ṣoṣo kò bọ́ lọ́jọ́ Àìkú."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, bí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tó. "Ìyàwó mi, òjò tiwa bẹ̀rù Ọlọ́run. Ti Òṣogbo yín ni kò mọ ọjọ́ ìsinmi."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. "Bàbá, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkó yín láti ibí. Ó ṣeé ṣe kí ìwé yìí sọ ohun tó ń pa á: iye ọjọ́ tí òjò fi ń dá lẹ́yìn òjò kẹta. Ṣùgbọ́n bí òdo wọ̀nyí kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀rọ yóò kà á sí ọ̀gbẹlẹ̀. Màmá, ṣé ẹ wò ó lọ́jọ́ Àìkú?"

Mo lè sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ṣàṣìṣe. Irọ́ náà dé orí ahọ́n mi. Mo wá wo àbúrò mi, tó ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"N kì í wò ó," ni mo wí. "Iṣẹ́ ni òjò wíwọ̀n. Ohun tó bá wà nínú ìgò lọ́jọ́ Àìkú, mo ń fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Nítorí pé àyè òfìfo kò dára lójú nínú ìwé tí a fa ìlà sí, mo kọ òdo sí i."

"Ẹ̀yin?" ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀yin tí ẹ nà mí ní pàṣán nítorí pé mo wo ìṣirò ẹlòmíràn kọ?"

Ọmọ náà ti kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó so ọjọ́ Àìkú pọ̀ mọ́ ọjọ́ Ajé ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ní omi kì í tètè gbẹ nínú ìgò ọlọ́rùn tín-ín-rín, nítorí náà àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì pé. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ́ka sí ojú ẹ̀rọ fún wa. Nínú àwọn ìwé mi àkọ́kọ́, lẹ́yìn òjò ńlá kẹta, òjò kì í dá ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ. Ní àwọn ọdún tó sún mọ́ wa, òjò kẹta ṣì ń dé ní àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run yóò gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin.

"Inú oòrùn yẹn ni ẹ ń gbìn ín sí, Bàbá."

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Èmi náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ pé láti ojú òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń ru òjò wá bá wa, ṣùgbọ́n mo kọ́ wọn bí ẹni pé òkun jẹ́ àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, tí kì í yí padà.

"Òkun yẹn ń gbóná sí i, Màmá," ó ní. "Bí ooru rẹ̀ bá yí padà, ìrìn òjò náà lè yí padà. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tó ń léfòó wọn ooru rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kò lè mọ ohun tó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé yín. Igbó tí a ń gé náà lè lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀yìnkùlé kan kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo ní láti fi ìwé àwọn ẹlòmíràn wé e kí n tó lè fọwọ́ sọ̀yà."

Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kò kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ rò.

Àbúrò mi ti jókòó wàyí. "Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín rárá. Òfin òjò kẹta ni ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀."

Ó wò mí, ó mi orí. "Bàbá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì." Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òkè odò: "Má wulẹ̀ wá lọ́jọ́bọ̀ mọ́! Rárá o, n kò pe agégi mìíràn. Ọmọ wa kan ló ní kí n ṣe sùúrù."

A fẹnu kò pé ọmọ kòkó tọdún yìí yóò wà lábẹ́ ìbòji títí òjò yóò fi máa rọ̀ déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì, láìdá fún ọjọ́ púpọ̀, àti pé èmi ni n ó sọ ọjọ́ náà fún un.

"Ṣùgbọ́n ẹ ó máa wo ti ọjọ́ Àìkú o," ó ní.

Mo rán an létí bàbá wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí màlúù yín bá bọ́ sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, ṣé ẹ ò ní fà á yọ ni? Ẹ ka omi inú ìgò yẹn sí màlúù."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wé gèlè ìsìn mi tán, mo sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní agogo méje. Mo da omi náà sínú gíláàsì. Mìlímítà mẹ́rìnlá ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sì pẹ́ dé ìsìn.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù karùn-ún parí kí n tó pe àbúrò mi pé kó gbìn ín. Ọ̀yà ti jẹ díẹ̀ nínú wọn, ọyẹ́ kò sì tíì dé tí yóò dán ìyókù wò, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti sọ pé wọ́n ń yọ ewé pupa, àwọ̀ ewé tuntun kòkó.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń padà sínú àwọn ìwé mi àtijọ́. N kò pa òdo kankan rẹ́. Yíǹkì pupa ni mo fi ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan pé: n kò wò ó. Mo ti dé ìwé kẹsàn-án.