Àgbàlagbà Ẹ̀rọ Tó Ti Ofosu Wá

Láìpẹ́ yìí, àwọn káfíńtà kan gba ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Odode. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá ìrókò, òórùn rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá, òórùn gbígbẹ tó máa ń ta ni nímú díẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n máa ti fèrèsé nítorí eruku. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kì í tì í. Bí ara bàbá mi ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Káfíńtà ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n to eegun rẹ̀, ó jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò nà tán mọ́. Ó lè di òòlù mú, ó lè kan ìṣó, ṣùgbọ́n fífi ọwọ́ fá pákó, tí èèyàn ń fi gbogbo èjìká tì, ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíńtà tí kò sì lè fá pákó, kí ló kù? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní kó wá bá òun ṣe oko kòkó. Bàbá mi kò fẹ́ràn oko rárá.

Ìgbà náà ló gbọ́ pé ilé ìlagi kan lójú ọ̀nà Ofosu fẹ́ kógbá sílé, tí wọ́n fẹ́ ta ẹ̀rọ àlòkù kan tó dàgbà ju bàbá mi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀: ẹ̀gbẹ́ kan ń rẹ́ pákó, ẹ̀gbẹ́ kejì ń fá a, ibòmíràn lára rẹ̀ ń lu ihò. Ẹ́ńjìnnì kékeré ló ń yí i, bẹ́líìtì rọ́bà ló so wọ́n pọ̀, bíi ti ẹ̀rọ ata. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó ló gbé e dé. Ó dípẹtà débi pé ìyá mi bi wọ́n léèrè bóyá èyí tó kù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni bàbá mi fi jókòó tì í. Kò sí ìwé tó wí bí wọ́n ṣe ń lò ó, àwọn lẹ́tà ara irin rẹ̀ sì ti pa rẹ́. Ó ń fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà, ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń tò wọ́n sórí àpò kòkó bí wọ́n ṣe ń jáde, kó má baà ṣì wọ́n dá padà. Ó pọ́n àwọn abẹ rẹ̀, ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó bóyá wọ́n dọ́gba. Mo ń gbọ́ tó ń súfèé. Ó ti pẹ́ tó ti súfèé gbẹ̀yìn.

Aládùúrà ni wá. Kò sí ohun tuntun tó ń wọ ilé wa tí a kì í kọ́kọ́ gbàdúrà sí, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe àga. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tan ẹ̀rọ, Bàbá Wòlíì ìjọ wa dé tòun ti agogo àti òróró. Gbogbo wa, tòun ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àwọn ará àdúgbò tó wá wòran, bọ́ bàtà. Bàbá arúgbó náà fẹ́ràn bàbá mi, kò sì ṣahun: ó ta òróró sí ayùn, ó ta á sí ẹ́ńjìnnì, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á mọ́ bẹ́líìtì yí ká.

Ó ní, “Ohun tó bá ń yí níbí, kò ní dúró.” A ṣe àmín.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn, abẹ ń yí. Bàbá mi ti pákó ìrókò sí i. Bí abẹ ṣe kan igi báyìí, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo lọ ní tirẹ̀. Ó fa pákó yọ, abẹ tún yí. Ó tì í padà, ó tún dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí, ó ní, “Oko ṣì wà ńlẹ̀ o.” Àwọn èèyàn túká díẹ̀díẹ̀. Bàbá Wòlíì ní òun ń lọ gbààwẹ̀ sí i. Bàbá mi jókòó sórí pákó náà, ó ń wo apá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, torí n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi, tó ń lọ ata fún àdúgbò, ló sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì, ó wo ìka rẹ̀.

“Bàbá Dúpẹ́,” ó rọra pe bàbá mi pẹ̀lú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, “bí epo bá kan bẹ́líìtì tèmi, kì í lọ ata. Ó máa ń yọ̀ ni.”

Bàbá mi kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá Bàbá Wòlíì ti lọ jìnnà. Wọ́n wá jọ fi kẹrosíìnì àti àkísà nu òróró àdúrà kúrò, ìyá mi ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run bó ṣe ń nù ún. Wọ́n sá bẹ́líìtì náà sóòrùn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kó má baà yọ̀ mọ́. Kí òjìji òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa tó bo àgbàlá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pákó ìrókò ti ń jáde ní dídán.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Wòlíì gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọ̀nà, ó yára wọlé pẹ̀lú ìgò òróró mìíràn, kó lè fi ṣe ìdúpẹ́ lára ẹ̀rọ. Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi pa ẹ̀rọ. Ó kúnlẹ̀, ó na apá tó ká yẹn síwájú.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀rọ ti gba tirẹ̀. Ẹ ta á sí mi lápá.”

Bàbá arúgbó náà fi òróró ra apá yẹn títí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lónìí, àwọn káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé mi kàn ń tẹ bọ́tìnì ni. N kò rí i kí wọ́n gbàdúrà sí ẹ̀rọ wọn, bóyá ó sì sàn bẹ́ẹ̀ fún bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n mo ń rí i tí ọ̀kan nínú wọn ń bo àṣìṣe èkejì mọ́lẹ̀ níwájú oníbàárà, inú mi a sì dùn. Apá bàbá mi kò nà títí ó fi kú, kò sì lọ oko. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ohun tó dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, á ní òróró Bàbá Wòlíì ni. Ìyá mi á wà níbẹ̀, á sì ṣe àmín.