Iyanrìn Inú Agolo Àǹtí Mi

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni mo fi ń rántí Ṣógúnlé. Ní àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn wọ̀lú yẹn, kò sí ẹni tí kì í kọ́lé. Ẹni tí kò kọ́lé ń fi yàrá kún ilé, ẹni tí kò fi yàrá kún ilé ń mọ ọgbà yí i ká. Típà á da iyanrìn sílẹ̀ lójú títì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán àwọn bíríkìlà á ti pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bàálù á fò kọjá lókè wa, gbogbo abọ́ orí pẹpẹ á máa gbọ̀n. A ó dákẹ́ títí yóò fi lọ tán, a ó wá máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ láti ibi tí a bá a dé.

Yàrá méjì ni èmi àti àǹtí mi háyà níbẹ̀, nínú ilé tí èrò pọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jù mí lọ. Èmi ń tẹ táìpù ní ọ́fíìsì kan lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, àwọn jẹ́ tíṣà eré ìdárayá ní iléèwé kan ní Ìsọlọ̀. Obìnrin tó taagun ni wọ́n, fèrè kì í kúrò lọ́rùn wọn. Nígbà tí àwọn fúnra wọn wà níléèwé, irin roboto tó wúwo yẹn ni wọ́n máa ń jù níbi ìdíje, apá ọ̀tún tí wọ́n fi ń jù ú sì le bí igi. Mo mọ apá náà dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń gbá mi létí ní kékeré. Bí gbogbo Èkó ṣe ń sáré owó tó, àǹtí mi a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé ìlera loògùn ọrọ̀, kí wọ́n tún sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń dùn mí títí dòní pé àwọn gan-an ni àìsàn náà wá bá.

Kókó kékeré kan ló yọ sí ọyàn wọn ọ̀tún. Wọ́n fi pamọ́ fún mi fún oṣù mélòó kan, ìgbà tí wọ́n sì máa sọ, ó ti tó kóró iṣin. Jẹjẹrẹ ni dókítà pè é. Ó gé ọyàn náà kúrò, egbò rẹ̀ sì jinná, àmọ́ ó ní iṣẹ́ ṣì kù. Ẹ̀rọ kan wà ní ọsibítù tí wọ́n á fi tan iná tí ojú kì í rí sí àyà wọn, kó lè jó ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú jẹjẹrẹ náà. Kí ẹ̀rọ yìí tó lè ráyè ṣiṣẹ́, àǹtí mi gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n na apá ọ̀tún sókè kọjá orí, kí wọ́n sì mú un dúró síbẹ̀ láìgbọ̀n títí iná á fi kú. Bí apá bá kọ̀, ẹ̀rọ náà ò wúlò fún wọn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, apá tó ń ju irin nígbà kan kò lè dé irun orí wọn mọ́. Èmi ni mò ń bá wọn yarun. Wọ́n a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ni kò tó pẹpẹ. Wá wo tèmi àgbà." Èmi kì í lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń na apá àti ẹsẹ̀. Ó kọ́ àǹtí mi láti máa fi ìka gun ara ògiri díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n wá ohun tí kò wúwo púpọ̀ máa gbé sókè sódò, kí wọ́n máa fi nǹkan kún un bí agbára bá ṣe ń dé. Inú àǹtí mi dùn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Èdè tí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n wá agolo mílíìkì ńlá méjì, wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, wọ́n fi wáyà ṣe ìmú sí i, wọ́n sì fi àkísà wé wáyà náà kó má baà gé wọn lọ́wọ́. Iyanrìn ni wọ́n bù sínú rẹ̀. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ó bá wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbé agolo sókè, wọ́n ń fun fèrè sí ara wọn bíi pé ara wọn ni akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tó bá rí àgbà pẹ̀lú ẹrù tí kò sáré gbà á, ọmọ tí wọn ò kọ́ ni. Nínú ilé wa yẹn, bí àǹtí mi bá fọwọ́ kan korobá lásán, ẹni mẹ́ta á ti dìde. "Ẹ fi sílẹ̀, Àǹtí Tíṣà, ẹ lọ jókòó." Ìyàwó káfíńtà tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ onílé á gba ife omi pàápàá. Ìfẹ́ ni, mi ò ní purọ́. Kò sí ẹni tó bá wọn gbé nínú ilé yẹn tó fẹ́ ibi fún wọn. Agolo méjèèjì yẹn nìkan ni ẹrù tó kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà.

Ìgbà tí màámi dé láti Abẹ́òkúta lọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n bá àǹtí mi lẹ́nu agolo, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n kọjú sí gbogbo ará ilé. "Ṣé ẹ fẹ́ kí egbò ọmọ mi tún là ni? Níbo lẹ ti rí aláìsàn tó ń gbé ẹrù?" Àǹtí mi ṣàlàyé, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, màámi kò gbọ́. Wọ́n fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí n kó agolo yẹn dànù. Mi ò lè kó o dànù, mi ò sì lè ṣàìgbọràn sí màámi. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àánú ń ṣe èmi náà. Mo máa ń rí bí wọ́n ṣe ń fi eyín há etí gèlè nígbà tí wọ́n bá ń gbé e, tí òógùn á bo imú wọn, tí wọn ò sì ní pariwo.

Àǹtí mi kì í fúnra wọn bu iyanrìn. Báwo ni àgbà ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nídìí òkìtì iyanrìn nígbà tí àbúrò wọn dúró? Ní gbogbo Sátidé, èmi ni wọ́n máa ń fún ní agolo pé, "Fi ṣíbí mẹ́ta mẹ́ta kún un." Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo gba ìsọ̀ káfíńtà kọjá. Mo da iyanrìn inú agolo méjèèjì nù, mo fi èérún pákó tí káfíńtà ti gé kúrò lára igi dí ìsàlẹ̀ agolo, mo wá bu iyanrìn díẹ̀ lé e lórí kó fi kún dé ẹnu. Mo dé ọmọrí rẹ̀, mo gbé e wọlé. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ọmọ dáadáa ni mí.

Wọ́n gbé e. Ojú wọn là rekete. Wọ́n tún gbé e. "Ìwọ ọmọ yìí, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi! Ṣé o fi ṣíbí mẹ́ta kún un?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń pariwo pé ara àwọn ti ń padà bọ̀ sípò. Ká ní wọ́n bínú lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ayọ̀ wọn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún dín in kù. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà ńkọ́? Mo dín in kù. Màámi rí mi nígbà kan, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì gbójú kúrò.

Ọjọ́ ọsibítù pé. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀, tí wọ́n na apá sókè pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó ti múra ìdánwò. Nọ́ọ̀sì ò tíì parí ètò tó ń ṣe tí apá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ṣubú. Wọ́n tún nà án, ó tún ṣubú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá a mú, dókítà sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, màdáámù. Bó bá tún rí báyìí, a ò ní lè lo ẹ̀rọ yìí. Àìsàn yìí kì í sì í dúró de èèyàn."

Takisí gbé wa padà títí a fi dé Oṣòdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, ojú wọn wà níta, "Ara mi ló tàn mí jẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Obìnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ láti kékeré, tí kò tíì bá ara rẹ̀ jà rí, àní nígbà tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀, òun ló wá ń pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Èmi tí mo sì jẹ́ òpùrọ́ gan-an jókòó tì wọ́n, mo di báàgì wọn mú.

Bí a ṣe wọlé ni mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ara yín ò tàn yín jẹ. Èmi ni. Ẹ wo inú agolo."

Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n dojú agolo méjèèjì dé e. Iyanrìn díẹ̀ kọ́kọ́ dà, èérún pákó wá tẹ̀ lé e, òórùn igi gba yàrá kan. Bàálù ń kọjá lọ́wọ́, a sì dúró dè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò sí ìgbà tí bàálù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Mo rò pé ẹrù ni mò ń gbà lọ́wọ́ yín."

Wọ́n ti agolo kan síwájú mi. "Tó o bá fẹ́ gba ẹrù lọ́wọ́ mi, gba àìsàn yìí. Ṣé o lè gbà á?"

Mo mi orí.

"Ó dáa. Fi agolo mi sílẹ̀ fún mi nígbà náà."

Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé agolo méjèèjì jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí òkìtì iyanrìn lójú gbogbo àdúgbò, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú. Bíríkìlà kan ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ láti sáré wá bá wọn bù ú, mo dí i lọ́nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù tí mo tíì sọ láyé mi nìyẹn, mo sì káwọ́ mi sẹ́yìn kí ó má baà dá ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí iyanrìn kù díẹ̀ kó kún, wọ́n bẹ bíríkìlà náà pé kó fi sìmẹ́ńtì tútù dí ẹnu agolo. Wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agolo kọ̀ọ̀kan. "Kí n wá rí ẹni tó máa bu èyí kúrò."

Mo sọ ohun tí dókítà wí fún màámi, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n na ọwọ́ gbé agolo kan wò, wọ́n sì yára gbé e kalẹ̀. "Háà! Ṣé èyí ni ọmọ mi ń gbé?" Láti ọjọ́ yẹn, màámi ló ń jókòó lórí ẹní tí wọ́n ń ka iye ìgbà tí àǹtí mi bá gbé agolo, àdúrà ni wọ́n sì máa ń fi há àárín òǹkà. Àánú ò tíì tán nínú wọn, nítorí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fo láti márùn-ún bọ́ sí méje. Àǹtí mi á mí gúlegúle, wọ́n á ní, "Màámi, mẹ́fà ńkọ́?" Màámi á sì padà sí mẹ́fà tipátipá. Ní ti àwọn ará ilé, mo lọ láti yàrá dé yàrá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gba korobá mọ́. Ìyàwó káfíńtà ní ojú òun ò lè gbà á, nítorí náà, bí àǹtí mi bá ti ń lọ pọnmi, ó máa ń wọlé lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mi ò rí nǹkan kan. Mo kan ń wo ilẹ̀kùn náà, mo ń ka òǹkà nínú ara mi bíi ti màámi. Ìgbà tó ṣí, àǹtí mi ló jáde, wọ́n ń rìn bọ̀ láàárín àwọn aláìsàn, apá ọ̀tún wọn ṣì nà sókè gbọnrangandan. Wọ́n dúró síwájú mi. "Tíṣà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀." Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn, ẹ̀rín sì ń bá ẹkún náà jáde.

Iná yẹn gba agbára lára wọn ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Awọ àyà wọn dúdú, oúnjẹ di ọ̀tá wọn. Wọn ò fi agolo sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á gbé e. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á kàn fọwọ́ kàn án láti orí ibùsùn, wọ́n á ní, "Mo kí ọ o, títí dọ̀la." Wọ́n parí ìtọ́jú náà, wọ́n padà sí pápá, wọ́n tún fi ọdún púpọ̀ fun fèrè sí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, kì í ṣe jẹjẹrẹ ló mú wọn lọ.

Èmi náà ti wá ju ọjọ́ orí wọn lọ báyìí. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣógúnlé, àwọn ọmọ àdúgbò á sáré wá gba báàgì mi. Mo máa ń súre fún wọn, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n n kì í fún wọn. Èmi náà kì í gba ti ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé mo bi í léèrè. Ọ̀kan nínú agolo náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi, ó ti dógùn-ún, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ò sán. Láràárọ̀, mo máa ń fi àtàǹpàkò mi sínú ojú àtàǹpàkò wọn, kí n tó gbé e. Ó wúwo. Mo dúpẹ́ pé ó wúwo.