Orin Ewúrẹ́ Atukọ̀

Ewúrẹ́ kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló fi ń rìn, ó wọ bàtà pupa tó ga dé orúnkún, ó sì ń fi ẹsẹ̀ iwájú juwọ́ sí àwọn ẹja. Láti òdì kejì bọ́dà ni wọ́n ti ń fi eré náà hàn, ní èdè Faransé, eríàlì wa ní Ìlárò sì ń gbé e dáadáa ju bó ṣe ń gbé ìròyìn tiwa lọ. Eré àwòrán ọmọdé ni. Mo lè fara da ewúrẹ́ náà. Orin rẹ̀ ni mi ò lè fara dà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé orin yìí bó ṣe rí gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo kàn kórìíra rẹ̀ lásán ni. Fèrè ló máa ń kọ́kọ́ dún, bíi pé ọ̀fìnkìn ń da ẹni tó ń fọn ún láàmú. Ìlù ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e, ìlù tí ọwọ́ ènìyàn kankan ò kàn rí. Àwọn ọmọdé kan á wá máa pariwo ọ̀rọ̀ kan náà lérí ara wọn. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ewúrẹ́ á ti rẹ́rìn-ín: mẹ̀-ẹ̀-hẹ̀-hẹ̀! Fèrè olọ́fìnkìn á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Ipokia, ó ń ná ọjà lódì kejì, ó sì gbọ́ Faransé díẹ̀. Òun ni mo bi léèrè ohun tí àwọn ọmọ náà ń pariwo.

"Wọ́n ní omi pọ̀," ni ó wí.

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n ní omi pọ̀ gan-an."

Àwọn àgbàlagbà jókòó, wọ́n kó ohun èlò orin jọ, wọ́n gbowó iṣẹ́, ohun tí wọ́n sì rí sọ nìyẹn.

Síbẹ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó ń dún lábẹ́ eré náà títí dé òpin ló burú jù. Ewúrẹ́ náà kò lè bu omi mu kí orin má dún. Bó bá jókòó, orin. Bó bá dìde, orin mìíràn. Bí ìjì bá ń bọ̀, orin kan á máa yọ́ rìn bí olè, ọmọbìnrin mi á sì di ìrọ̀rí mọ́ àyà kí ìjì tó dé rárá. Bí fèrè olọ́fìnkìn bá ti padà, á ju ìrọ̀rí sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé ewu ti kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Wọ́n ti kọ́ ọ pé nǹkan burúkú máa ń fi orin ránṣẹ́ kó tó dé. Títì ni ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, tí mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, kọjú sí. Àwọn mọ́tò tó ń kó ìrẹsì bọ̀ láti bọ́dà máa ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn wọn, ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, wọ́n sì ń sá fún aṣọ́bodè bíi pé kò sí ẹlòmíràn láyé. Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó fi orin ránṣẹ́ ṣáájú.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀rù lórí ọmọ yìí: títì, àti àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè máa ṣe é lọ.

Báábà tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tèmi kò tilẹ̀ bẹ̀rù nǹkan kan. Géńdé onírùngbọ̀n ni, orin ewúrẹ́ ló sì ń dún nínú fóònù rẹ̀ bí wọ́n bá pè é. Á jẹ́ kó dún títí kó tó gbé e. Lọ́jọ́ kan ó ń fi ẹnu fọn orin náà bó ṣe ń gbá irun nílẹ̀, ni ọmọ mi bá dìde lórí àpótí.

"Ẹ ò ṣe é dáadáa."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fo ẹ̀rín rẹ̀." Ó káwọ́ mọ́ra, ó ṣe mẹ̀-ẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, ó wá ní kó máa bá ìyókù lọ.

Báábà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ bí èyí lóòótọ́. Bí ẹ ṣe ń fi téèpù wọn gbogbo nǹkan ni òun náà ṣe ń ṣe."

"Má fi mí wé ewúrẹ́ o."

"Mi ò lè fi yín wé e, sà. Ewúrẹ́ ń rẹ́rìn-ín ṣá."

Òótọ́ ni pé ọmọ náà kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fo ẹ̀rín yẹn. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ orin náà lẹ́yìn ilé, tó sì dá a dúró kó tó kan ẹ̀rín, á parí rẹ̀ fún un láti inú balùwẹ̀. Ìyàwó mi ti fi orin náà sínú fóònù mi kí ọmọ lè máa jẹun. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo ní ọmọ tí kò bá lè jẹ ẹ̀bà láìsí fèrè, kó fi ebi sùn.

Èmi náà ní ohun tí mo ń kọ́ ọmọ mi. Ìlárá, lápá Ìmẹ̀kọ, ni wọ́n ti tọ́ mi, níbi tí oko ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé wa. Ìyá mi kọ́ wa pé bí a bá gbọ́ orúkọ wa níta, tí a kò rí ojú ẹni tó ń pè wá, a kò gbọdọ̀ dáhùn. Ohun tí ìyá mi ń bẹ̀rù kì í ṣe ènìyàn. Ènìyàn ni èmi ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n òfin náà bá ènìyàn mu dáadáa. Mo wá tún un rán. Ìyá mi fi àyè kan sílẹ̀: ó ní bó bá ti jẹ́ ohùn òun ni, ká dáhùn. Mo dí àyè yẹn, torí gbọ́mọgbọ́mọ lè sín ohùn òbí jẹ. Kí á tó jáde nílé, ọmọ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kà á fún mi.

"Bí mi ò bá rí ojú, mi ò ní dáhùn."

"Bó bá jẹ́ ohùn Màmá ńkọ́?"

"Mi ò ní dáhùn, sà."

"Bó bá jẹ́ ohùn tèmi ńkọ́?"

"Mi ò ní dáhùn, sà."

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó pe ọmọ náà láti ilé ìdáná lọ́jọ́ kan títí ọbẹ̀ fi fẹ́ jóná. Ọmọ rọra rìn wá, ó yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo ìyá rẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Mà?"

"Ẹ wá wo ohun tí ẹ sọ ọmọ mi dà!" ni ìyàwó mi ké sí mi.

Mo dá a lóhùn pé òfin ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Ara ìyá ìyàwó mi kò yá láìpẹ́ yìí, ìyàwó mi sì lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ipokia. Aṣọ tí mo fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù ti tán lọ́wọ́ mi, ó sì di dandan kí n lọ sí ọjà Ayétòrò. Báábà ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Kí n wá padà dé kí n bá odindi eré ewúrẹ́ lẹ́nu rẹ̀? Mo mú un dání. Láti ìgbà tí a ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni mo ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Igi tí ọkùnrin aláṣọ fi ń wọn aṣọ kò pé yáàdì kan. Ojú lásán ni mo fi rí i. Mo yọ téèpù mi jáde.

"Télọ̀, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Èmi gbà ọ́ gbọ́. Téèpù ni kò gbà ọ́ gbọ́."

Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń wọn aṣọ. Igi náà dín ní ìka mẹ́ta. Mo yíjú láti fi han ọmọ mi, torí mo fẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Kò sí níbẹ̀.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo tún un pè. Aláṣọ sọ igi rẹ̀ sílẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Obìnrin alálùbọ́sà béèrè pé kí ni orúkọ ọmọ náà, mo sọ ọ́, ó gbé e lé ẹnu, àwọn tó ń ta abọ́ rọ́bà gbà á lẹ́nu rẹ̀, orúkọ ọmọ mi sì ń ti orí ìsọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn. Ohun tí ọjà máa ń ṣe bí ọmọ bá sọnù nìyẹn, ó sì dára. Ọmọ á gbọ́ orúkọ rẹ̀, á bú sẹ́kún, wọ́n á rí i. Lẹ́yìn ìlà ìsọ̀ tó kẹ́yìn ni títì tó lọ sí Ìmẹ̀kọ wà. Mo sáré débẹ̀. Mọ́tò oníìrẹsì kan kọjá lójú mi, òmíràn tẹ̀ lé e. Mi ò rí ọmọ níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n yọ̀.

Mo padà sáàárín ọjà. "Èmi ni o! Bàbá rẹ ni! Dáhùn!"

Mo gbọ́ ara mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún un pé gbọ́mọgbọ́mọ máa sọ gan-an nìyẹn.

Màmá kan tó ń ta òkìríkà, tó kó kóòtù àti bàtà jọ bí òkè sórí tábìlì, dá mi dúró. "Bàbá ọmọ, fara balẹ̀. Bó bá wà nítòsí, á dáhùn."

"Kò ní dáhùn, mà."

"Odi ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má dáhùn."

Ó wò mí bí mo ṣe máa wo ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fa fóònù yọ, mo sì rántí pé mo ti yọ orin náà kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó kù ju ẹnu mi lọ. Láàárín ọjà Ayétòrò, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè olọ́fìnkìn. Mo lu ìlù ẹ̀rọ lórí tábìlì òkìríkà. Mo pariwo ní Faransé pé omi pọ̀, omi pọ̀ gan-an.

"Orí rẹ̀ ti dàrú," ni ẹnìkan wí. "Ẹ bu omi fún un."

"Omi ló ń kọrin nípa rẹ̀ yẹn!" Ìyàwó kan tó pọn ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Orin táwọn ọmọ mi ń kọ nìyẹn. Ẹ gbé e, Bàbá, ẹ gbé e!"

Mo gbé e dé ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń dákẹ́. Mi ò lè ké bí ewúrẹ́ lójú àwọn ènìyàn yẹn. Mo dákẹ́, àwọn náà dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Lábẹ́ tábìlì, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn: "Mẹ̀-ẹ̀-hẹ̀-hẹ̀!"

Mo ká tapólì tó bo ẹsẹ̀ tábìlì náà sókè. Ọmọ mi jókòó sínú àwọn kóòtù àtijọ́, bàtà pupa kan tó ga dé orúnkún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń wá èkejì. Kò sunkún. Ó wo ojú mi dáadáa.

"Sà?"

"Ṣé o ò gbọ́ pé à ń pè ọ́?"

"Mo gbọ́. Gbogbo wọn ló ń pè mí."

"O gbọ́ ohùn tèmi?"

"Mo gbọ́, sà. Mi ò rí ojú."

"Orin wá ni o dáhùn!"

"Mi ò dáhùn o! Ẹ fo ẹ̀rín rẹ̀ ni."

Màmá olókìríkà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá itan. "Bàbá Ewúrẹ́," ni ó wí nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, "wá gbé ọmọ rẹ."

A padà sọ́dọ̀ aláṣọ. Ó ti tún aṣọ náà wọ̀n, ó ní òun ti fi ìka mẹ́ta kún yáàdì kọ̀ọ̀kan. Mi ò tún un wọ̀n. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ṣófo lára mi.

Báábà ló ń pè mí ní Bàbá Ewúrẹ́ báyìí, ìyàwó mi náà sì mú un láti Ipokia bọ̀ lẹ́nu, mi ò mọ ẹni tó tètè sọ fún un. Ó ní kí n fagi lé òfin mi. Mi ò fagi lé e. Òfin tí ọmọ pa mọ́ nígbà tí gbogbo ọjà ń ké sí i, ta ló ní kò dára? Àyè kan ṣoṣo ni mo tú nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí èmi nìkan lè gbà kọjá: bí kò bá rí ojú mi, tó sì gbọ́ ẹ̀rín ewúrẹ́ lẹ́nu mi, kó dáhùn. Ní ti orin náà, mo ti fi í padà sínú fóònù mi, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó lè dá mi lójú. Ó burú. Fèrè náà tilẹ̀ burú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó wà ní Ìlárò ló mọ̀ ọ́n, gbọ́mọgbọ́mọ náà sì lè kọ́ ọ. Nítorí náà, èmi àti ọmọ mi ti yí ẹ̀rín náà padà níbì kan. Mi ò ní kọ ibi tí a ti yí i padà síhìn-ín. Lẹ́nu ọ̀nà, bó bá ti ka òfin fún mi tán, á káwọ́ mọ́ra, á ní ó kàn mí. Àwọn ènìyàn ń kọjá lórí títì, báábà ń yọjú. Mo máa ń ṣe é.

"Ó kù díẹ̀, sà," ni ó máa ń wí. "Ẹ tún un ṣe."