Ọ̀gá tí kò béèrè ohun tí Àwáwù mọ̀ ọ́n ṣe

Àwáwù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí gúrúùpù WhatsApp wa. Èmi kò mọ̀wé. Òun náà ló fẹ́ hùwà òmùgọ̀ lónìí, mo sì ní kò gbọdọ̀ yọ ibì kankan kúrò.

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ han ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní òun ríṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu lórí WhatsApp, àfi kí òun kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀. Mo ní kó pe ọ̀gá náà fún mi.

"Ẹ káàsán, ìyá! Ọmọ yín ṣoríire o!"

"Iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ẹ̀n?"

"Ọmọ mi tí o fẹ́ gbà. Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ìyá, ẹ fowó ránṣẹ́ ná, àyè ti ń kún."

Mo bá pa fóònù.

Èmi náà máa ń gba alágbàṣe sóko iṣu. Kí n tó mọ orúkọ wọn, mo ti béèrè iye ebè tí wọ́n lè kọ lójúmọ́. Èmi ni mo sì ń bọ́ wọn. Ta ló rí alágbàṣe tó ń sanwó fún olóko?

Mo lé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ. Àwáwù ń sunkún. Kó máa sun ún, ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílé.

Àmọ́ ó ti fi iṣẹ́ náà han Àlímátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dirun ní Bessé. A ń pè é, kò gbé e. Ẹni tó bá wà ní Bessé nínú yín, ẹ dìde báyìí, ẹ lọ bá a nílé kó má sanwó. Tó bá ti san án, ẹ kọ ọ́ síbí, kí Àwáwù kà á fún mi.